Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Sọ Pé N Kò Sí

Mo ti gun ọ̀pẹ rí. Mo ti ru àpò sìmẹ́ǹtì gun àkàbà, mo sì ti bá ejò pàdé láàárín ebè iṣu láìsá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Ọjà Ọba l'Ádó, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo ti ń wò ó. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó kàn án. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun tẹ nǹkan kan níbẹ̀, màá ní ọwọ́ mi dọ̀tí, mo ń tún ẹ̀rọ fotokọ́pì ṣe. Ẹ̀rọ fotokọ́pì wa kò sì jẹ́ kí n parọ́, torí ojoojúmọ́ ló ń bàjẹ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ la ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pẹ́ tó dá dúró nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó dé láti Àkúrẹ́, gbogbo ẹni tó ń wá iṣẹ́ ló sì fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ lẹ́tà. Ìyàwó mi ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé mẹ́fà lèmi kà kí oko tó gbà mí. Òun kọ́ṣẹ́ taipuráítà yanjú, ìka rẹ̀ a sì máa dún lórí rẹ̀ bí òjò orí páànù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fún oníbàárà ní ìjókòó, kí n sì máa bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe tèmi. Àwọn ọmọ agboolé wa tó wà lókè òkun ló rà á ránṣẹ́. Wọ́n ní ká kó orúkọ gbogbo ọmọ agboolé sínú rẹ̀, ká wá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè tẹ orúkọ bàbá rẹ̀, kó sì rí àwọn ìbátan rẹ̀ àti ìlú tí oníkálukú ń gbé. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá nítorí ọmọbìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bí, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Yunifásítì ló ti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jáde.

Ọmọ ọwọ́ ni ọmọbìnrin yìí nígbà tí wọ́n mú ìyàwó mi wọlé láti Ìgbẹ́mọ. Nítorí náà, láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Adúmáadán ló ń pè é, torí ó dúdú, ó sì ń dán. Bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe níhìn-ín nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rá, kì í pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Á wá orúkọ mìíràn tó dùn fún un, ìyẹn ló sì máa pè é títí ayé. Èmi ò ka èyí sí nǹkan kan. Ta ló máa ń ka èémí tó ń mí?

Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní Ìyìn. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ó jù mí lọ, ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ọ̀dọ̀ òun ló yẹ kí kọ̀ǹpútà wà: òun ni akọ̀wé ẹbí, ìwé tóun kà pọ̀ ju tèmi lọ, iná NEPA Ìyìn sì sàn ju ti Adó lọ. Ó sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn àgbà sì gbà kí wọ́n lè rí ààyè lọ jẹun. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí gbogbo ẹbí máa pàdé nílé ńlá, tí kọ̀ǹpútà kò bá lè mú orúkọ wa jáde bó ṣe yẹ, kó máa lọ sí Ìyìn. Bàbá náà ò dúró de ọjọ́ yẹn. Ó ti ní kí káfíńtà kan tábìlì rẹ̀ sílẹ̀.

Kí n má tan yín, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí n lè máa sùn. Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àǹkù, tí ẹ̀rọ yìí bá lọ, kí ni màá sọ fún Dádì mi pé mo ń ṣe l'Ádó? Wọ́n ti bá mi rí iṣẹ́ tíṣà l'Ákùúrẹ́. Ìṣirò ni wọ́n fẹ́ kí n máa kọ́ wọn."

Mo ní, "Ìṣirò ò burú."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe. Tí mo bá lọ báyìí, mo ti lọ nìyẹn."

Mo wò ó, mo sì rántí bí ilé wa ṣe dákẹ́ tó kó tó dé. Gbogbo ọmọ tiwa ti lọ. Òun nìkan ló kù tó ń bá ìyàwó mi jiyàn nídìí ààrò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan lọ geere. Àwọn àgbà ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójúlé lójúlé, wọ́n jókòó, wọ́n ń ka àwọn ènìyàn wọn, ìyàwó mi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn tún padà wá láti rí i dájú pé a ti kọ àwọn, wọ́n sì tún ka ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí orúkọ ń wọlé sí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní dátábéèsì. Èmi ń pè é ní àká, torí mo mọ àká. Ibi tí a ń kó irè oko sí ni. Ìwé àṣẹ tó kọ tó fi ń rán kọ̀ǹpútà lọ sínú àká náà láti mú ẹnìkan wá, ó ní sikíríìpùtì nìyẹn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó orúkọ tirẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì pè wọ́n láti fi dán an wò. Méjèèjì jáde kíákíá. A pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè láti Amẹ́ríkà. Òun ló rí ibi tí a máa gbé iṣẹ́ náà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àká tí a ń lò l'Ádó, wọn kì í lò ó níbẹ̀. Irú mìíràn ni tiwọn.

Mo ní, "Ṣé ká kó orúkọ látinú àká kan sínú èkejì ni? Ìyẹn ò le. Iṣu là ń kó."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kíkó rẹ̀ ò le, Àǹkù. Sikíríìpùtì tí mo kọ ló le. Ẹ wò ó báyìí. Tí ẹ bá rán mi sí ará Ìgbẹ́mọ, mo lè ní 'ulé', á gbọ́. Tí ẹ bá rán mi sí ará Ọ̀yọ́, 'ilé' ló yẹ kí n pè é. Nǹkan kan náà ni. Ará Ọ̀yọ́ á kàn rẹ́rìn-ín ni, á sì júwe ilé fún mi. Àká kì í rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti sọ ọ́ bí kò ṣe ń sọ ọ́, kò ní dá mi lóhùn."

Ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Nínú èdè àká àkọ́kọ́, tó bá fẹ́ kí wọ́n wá gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí, àmì bí ìràwọ̀ ló máa fi sí ìparí rẹ̀. Èkejì ò mọ ìràwọ̀, àmì tí a fi ń kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́. Ti ọjọ́ ìbí, èyí ní kó fi àmì bí ọgbà yí i ká, ìyẹn ní òun ò fẹ́ ọgbà. Ó ń ṣàlàyé, mo ń mi orí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá ti ń mi orí láìsọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá mi lọ.

Ó gba àká tuntun náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ákùúrẹ́, ó fi sínú kọ̀ǹpútà wa, ó tún sikíríìpùtì kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó kó orúkọ kọjá síbẹ̀. Nítorí àwọn àgbà tó wá lẹ́ẹ̀mejì, ó pàṣẹ fún àká tuntun pé tó bá rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ojúlé kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ lóde, kó má sì pariwo. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà sọ iye ènìyàn tó wọlé.

Agboolé wa ti dínkù. Kì í ṣe bí ìgbà tí ènìyàn díẹ̀ rìnrìn àjò. Ojúlé mìíràn ṣófo bí ilé tí ṣọ̀pọ̀ná lé gbogbo èrò jáde. Ojúlé tí gbogbo wọn kàwé, tí wọ́n kún fún tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹyọ ẹnìkan ló kù níbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó ní ibì kan wà nínú sikíríìpùtì tí òun ò túmọ̀ dáadáa. Ó ń wá a. Ó ń yọ àmì kan, ó ń fi òmíràn sí i. Oúnjẹ tí ìyàwó mi gbé síwájú rẹ̀ ń tutù. Ọ̀sẹ̀ Ìjìyà Olúwa ti wọlé, bàbá Ìyìn sì ti ránṣẹ́ pé tábìlì ti gba ọ̀dà.

Ẹ̀rù tó ba mí ní ọ̀sẹ̀ yẹn yàtọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan nínú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnìkan ti wàásù pé inú kọ̀ǹpútà ni nọ́ńbà ẹranko búburú nì máa gbà jáde, pé bí ọdún ẹgbàá bá wọlé, gbogbo wọn máa sínwín. Èmi sì ti yọ́ fi òróró àdúrà ra ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tó dé. Kékeré náà ni. Nígbà tí àwọn ẹbí mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, mo ní ó ti tán, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń bínú, àwọn ènìyàn mi ló sì fi ń gbẹ̀san. Mo mú aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ìyàwó mi wọlé. "Kí lẹ ń nù níbẹ̀?"

"Eruku."

"Eruku tó ń rùn bí òróró wòlíì?"

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó fi nu tábìlì, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá jókòó. Ó ní gbogbo orúkọ tí òun fi ń dán an wò ló ń jáde, òun sì fẹ́ fi ti ẹlòmíràn wò. Ó ní kí n tẹ orúkọ ara mi.

Mo ní ọwọ́ mi dọ̀tí.

Ó ní, "Àǹkù, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

Mo jókòó. Mo fi ìka kan tẹ orúkọ mi, lẹ́tà kan, ìsinmi, lẹ́tà kan, ìsinmi, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo tẹ bọ́tìnnì tó gùn níkẹyìn, èyí tó ń rán an lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà: Kò sí.

Mo bi í léèrè pé, "Ta ni ò sí?"

"Ẹ̀yin ni."

Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé mo wà. Mo jókòó sórí àga, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, òógùn bò mí. Mo fọwọ́ kan àyà mi wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ wojú mi. Ó padà sínú àká àkọ́kọ́, ti Adó, ó tún béèrè mi níbẹ̀. N kò sí níbẹ̀ náà. Ìgbà yẹn lojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Kì í ṣe sikíríìpùtì." Ó ṣí àwọn orúkọ ojúlé wa sílẹ̀ látòkè délẹ̀, ohun tí kò fara balẹ̀ ṣe rí, torí ó gbà pé bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó ń kà á lọ, ó wá dúró.

Ó ké sí ìyàwó mi tó ń bu omi lẹ́yìnkùlé. "Àǹtí, ta ló ń jẹ́ Olówó-orí-mi nínú ojúlé wa?"

Ìyàwó mi fi garawa sílẹ̀, ó yọjú. "Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni? Kì í ṣe òun ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, tó ń láàgùn yìí?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Mo rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ló ń pa á kú.

A wá rí i. Gbogbo bí àwọn àgbà ṣe ń pe orúkọ, ìyàwó mi ń gbọ́ orúkọ gidi, ó sì ń tẹ èyí tóun máa ń pe ẹni náà. Bàbá-pupa. Ọ̀gá-mi. Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Gbogbo ẹni tó kàwé nínú ojúlé àwọn tíṣà, Akọ̀wé ló ń pè wọ́n, láti orí ẹ̀gbọ́n dé àbúrò. Àká tuntun rí Akọ̀wé, ó rí Akọ̀wé, ó rí Akọ̀wé. Ó mú ọ̀kan wọlé, ó sì ti àwọn tó kù síta láìpariwo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un.

Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, kí ló dé tó ò tẹ orúkọ wọn?"

Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Orúkọ ta ni? Ti bàbá tó gbé ìgò ẹmu wá fún bàbá mi? Ti àwọn tó wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà? Ẹnu mi ò pè é rí, ẹ wá fẹ́ kí ìka mi pè é?"

"Ìwé ni, kì í ṣe ẹnu."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ó máa dé Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé kí wọ́n gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọmọ Ìgbẹ́mọ ò lẹ́kọ̀ọ́?"

Mo mi orí.

Iṣẹ́ wá di ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó mi nìkan ló mọ ẹni tí ó pè ní kí ni, kò sì ní pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè tẹ orúkọ tó bá wù ú, ọmọ ilé ni, ṣùgbọ́n kò mọ ta ni ta. Ààrin wọn ni wọ́n fi mí sí.

Ìyàwó mi á ní, "Akọ̀wé. Èyí tó máa ń wọ ṣòkòtò kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tí ajá bù jẹ ní Ìkẹ́rẹ́."

Èmi á rò ó, màá pe orúkọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀ ẹ́.

"Akọ̀wé. Àbúrò ìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ga jù ú lọ."

Màá pe orúkọ.

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yín, ẹ̀yin ni ẹ ò mọ ẹni tó rẹwà."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò pa àwọn orúkọ tí ìyàwó ilé ń pè wá rẹ́. Ó la ibòmíràn sílẹ̀ fún un nínú àká tuntun, ó tún sikíríìpùtì kọ kí èèyàn lè fi èyíkéyìí wá ẹni tó ń wá. Ó ní ìyàwó ilé tó bá wà lókè òkun, kí ló fẹ́ tẹ̀ tí kò bá lè tẹ orúkọ? Nígbà tó béèrè iye wa lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo wa ti padà sílé. Mo tẹ orúkọ mi, mo jáde. Olówó-orí-mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo dìde kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, a gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé ńlá, a tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá Ìyìn ti gbé píkọ́ọ̀pù wá, dírẹ́bà rẹ̀ sì ti tẹ́ fóòmù sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀rọ má bàa gbò. Àwọn àgbà ń pe orúkọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń jáde. Bàbá Ìyìn ní kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní òun mọ ìwé tẹ̀, kí wọ́n sún kúrò. Ó jókòó, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó jáde sókè bó ṣe máa ń ka ìwé ìpàdé: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ìlú tó ń gbé.

"Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pè é," ó kà á, "Ọ̀rọ̀-ò-tán."

Àwọn obìnrin wo ara wọn.

Ó yọ awò ojú. "Ta ló ń jẹ́ Ọ̀rọ̀-ò-tán?"

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló dá a lóhùn láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣáájú wa la ti gbọ́ ọ, sà. A ò mọ̀ pé ẹ ò mọ̀."

Ìyá arúgbó kan tó ti ṣe ìyàwó nílé náà kí wọ́n tó bí èmi ní, "Orúkọ ọ̀wọ̀ ni, ọmọ mi. Ẹni tí kò bá gbọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tán." Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Àwọn obìnrin tó kù ti yíjú sí ògiri.

Bàbá Ìyìn ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ orúkọ náà kúrò.

Ìyàwó mi fẹ̀sọ̀ dáhùn. "Ẹ lè yọ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé yín tó wà nílùú òyìnbó ò ní rí yín mọ́. Orúkọ yẹn ni wọ́n mọ̀."

Ó ronú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kó ronú kó tó sọ̀rọ̀ nìyẹn. "Fi sílẹ̀," ó ní.

Dírẹ́bà wọlé, ó ń wo ẹ̀rọ. "Bàbá, ṣé ká máa gbé e?"

"Gbé kí ni?" Bàbá Ìyìn dìde. "Kí n gbé e lọ sí Ìyìn, níbi tí mo ti kọ́ gbogbo ìlú níwèé, kí wọ́n wá máa tò wá sí yàrá mi, kí wọ́n máa tẹ̀ mí wò? Ẹ jẹ́ kó wà ní ulé àwọn tó ni í."

Bó ṣe di tiwa nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn kọ́ wọn ní ìṣirò. Lẹ́yìn náà, píkọ́ọ̀pù kan náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú tábìlì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Bàbá Ìyìn ní ó ń dí òun lọ́nà.

Orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wà báyìí. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Bí òjò bá ti ń kù, aṣọ ni mo máa ń dà bò ó, màá sì jìnnà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí àwọn obìnrin méjèèjì ò bá tíì dé, mo máa ń fọ ọwọ́ mi, màá jókòó, màá fi ìka kan tẹ orúkọ mi wò, bóyá mo ṣì wà.